Wọ́n Fo Màmá Olómijé

                                        Ṣọ́ọ̀bù Ìránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn rẹ tó wò mí lójú kòrókòró tó ní mo ti darúgbó? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ní tèmi, ara le. Ojú nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, àmọ́ mi ò tíì sọ fún oníbàárà kankan, ìwọ náà má sọ.

Inú ló bí mi tí mo fi mú bírò. Àbí o ò tíì gbọ́? Wọ́n ti ka orúkọ àwọn òṣèrébìnrin tí yóò du àmì ẹ̀yẹ ọdún yìí, wọn ò dárúkọ Màmá Olómijé! Màmá Olómijé tiwa, tó ti ń ṣe fíìmù láti ìgbà tí èmi àti ìwọ ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá! Ọmọbìnrin kan tí kò mọ̀ ju kó máa ṣẹ́jú pàkòpàkò lọ ni wọ́n mú. Mo ní háà, ojú àwọn adájọ́ yìí fọ́ ni?

O rántí bá a ṣe máa ń bá ara wa jà lórí ọ̀rọ̀ báyìí? Èmi, ìwọ àti Adúmáadán, a ó jókòó sílẹ̀ láàárín àjákù aṣọ, níwájú tẹlifíṣàn kékeré ọ̀gá tó jẹ́ pé àfi téèyàn bá gbá a létí kó tó mọ́lẹ̀. Adúmáadán ló kéré jù nínú wa, òun náà ló sì ṣòfin. Ó ní ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹni tó bá ní òṣèré kan mọ iṣẹ́, kó dìde, kó ṣe ohun tí òṣèré náà ṣe. Tó bá pa wá lẹ́kún, ó borí. Tí kò bá rí i ṣe, kó panu dé. Ta ló tún wá mọ̀ ọ́n ṣe bíi tirẹ̀? Ọjọ́ tó ṣe ìyá tí ọmọ rẹ̀ sọnù, ọ̀gá gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ṣòkòtò oníṣòkòtò, ó jóná kanlẹ̀! Ọ̀rẹ́ mi, àárò ìgbà yẹn ń sọ mí gan-an ni.

Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná kì í dá sí i nígbà náà. Ó kàn máa ń yọjú, á ní, "Ẹ̀yin wèrè yìí tún ti bẹ̀rẹ̀." Àṣé ẹnì kan ló ń wò nínú wa, títí ó fi sọ Adúmáadán di ìyàwó ilé wa.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi yìí ló ń jẹ mí lọ́kàn. Láti ọjọ́ tá a ti sin ìyàwó wa, kò sunkún rí. Ìwọ náà rí i níbi ìsìnkú, ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ti yàrá wọn pa, orí àga ní pálọ̀ ló ń sùn, kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kan nǹkan ìyá wọn. Tá a bá ní kó jẹun, á ní òun ti yó. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, kò gbọ́. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé a máa sin òun náà. Ni mo bá ń fi agídí mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án Sátidé, kó kàn lè wà láàárín èèyàn.

Sátidé tó kọjá la dé orí ọ̀rọ̀ àmì ẹ̀yẹ. Bíríkìlà tó ń gbé òdìkejì wa ní ó dáa bí wọ́n ṣe fo Màmá Olómijé, pé kí ló mọ̀ yàtọ̀ sí ẹkún? Ó ní ẹni tó bá fi ata ra ojú náà á sun ún. Inú mi ru! Mo dìde, mo ní kí n ṣe ibi tó ti gbàgbé pé ọkọ òun ti kú, tó bu omi fún un. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi gan-an ń yílẹ̀. Ojú tì mí.

Ni àbúrò mi bá dìde. Ó gbé ife méjì sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó bu omi sí wọn, ó rọra ti ọ̀kan síwájú àga òfìfo. Ó yẹ kó pe ọkọ, bó ṣe wà nínú fíìmù. Ó ní, "Adúmáadán, omi rẹ rèé."

Ó tún pè é. Ó wo àga náà títí. Ẹkún bá gbọ̀n ọ́n, àfi bíi pé ilé fẹ́ wó lù wá. Kò sẹ́ni tí kò sunkún nínú wa. Bíríkìlà ló gbá a mọ́ra.

Nígbà tí àbúrò mi fọkàn balẹ̀, ó sọ fún un pé, "Bọ̀dá, ẹ ní ẹkún nìkan ni obìnrin yẹn mọ̀. Ẹkún ọ̀hún ni mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti rí i." Bíríkìlà ṣí fìlà, ó ní òun gbà, wọ́n rẹ́ màmá náà jẹ.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o kí ìyá ọkọ rẹ dáadáa. Bíríkìlà ní kí n kí ọ.

Àárọ̀ àná ni àbúrò mi ṣílẹ̀kùn yàrá yẹn. Ó kó aṣọ ìyàwó rẹ̀ wá fún mi, ó ní kí n tún wọn gé fún àwọn ọmọbìnrin wọn. Ó yọ búlúù kan sọ́tọ̀, ó ní tìrẹ ni, òun fẹ́ tún rí i lára èèyàn. Fi ìwọ̀n rẹ ránṣẹ́ kíákíá. Jọ̀ọ́, má parọ́ ìbàdí.

Èmi ni tìrẹ títí eyín wa á fi ká,

Abẹ́rẹ́-ò-sùn.