Hẹ́dífóònù Mẹ́ta Ni Orogún Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má dárúkọ mi, ọkọ mi ń gbọ́ yín.

Hẹ́dífóònù mẹ́ta ló kó wálé, ọmọ ìyá kan náà láti ilé-iṣẹ́ kan. Á máa gbé wọn sétí lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ohùn èyí rọ̀, tòhún já gaara, àgbà wọn ló dùn jù." Ohùn tèmi ńkọ́? Bí mo pè é títí ọbẹ̀ fi jóná, á ní òun ò gbọ́.

Lánàá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó tà wọ́n fún un yà kí wa. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀yìn wọn ṣí sílẹ̀, wọn kì í dí etí. Ó ń gbọ́ yín dáadáa."

Ọkọ mi wolẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é. Bóyá á dá ẹ̀yin lóhùn.