Kí Lo Sọ fún Verlin?

Ardith, ìyàwó mi,

Ara mi le. Òtútù etí odò ló jẹ́ kí ìkọ̀wé mi rí wọ́gọwọ̀gọ.

Kí lo sọ fún Verlin àbúrò mi? Ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìpẹja, mo mú irú ẹ̀rọ ìká-okùn ìwọ̀ tí mo fi ń pa ẹja sámọ́ọ̀nù láti kékeré, èyí tí àtàǹpàkò ń dá okùn rẹ̀ dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú èyí tí okùn ń tú fúnra rẹ̀."

"Kí ló ṣe àtàǹpàkò mi?"

"Èmi ò sọ nǹkan kan o!"

Mo ra èyí tí mo mú. Nígbà tí a dé odò, mo ju ìwọ̀ lẹ́ẹ̀kan, okùn lọ́ pọ̀ bí irun wèrè. Verlin ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fura. Ó gbé tirẹ̀ tí okùn ń tú fúnra rẹ̀ fún mi, mo sì fi mú ẹja sítíìlíẹ̀dì ńlá kan.

Bá mi kí Colleen ọmọ wa. Bí dókítà bá tún pè nípa ọwọ́ mi, kí òun náà.

Ọkọ rẹ,
Harlan