Rédíò Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ìpara

Bàbá mi, tí mi ò lè wojú àwòrán yín láti bí oṣù mélòó kan,

Mo ti gbé àwòrán yín kúrò lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ fún àwọn oníbàárà pé gíláàsì rẹ̀ ló sán, pé mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Irọ́ ni. Gíláàsì náà ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mi ò fẹ́ kí ẹ máa wò mí bí mo ṣe ń tajà.

Ara ilé le. Màmá ti ń rìn dáadáa, orúnkún wọn ò wú mọ́ bíi tìgbà ìsìnkú yín. Àbúrò mi ti wọ ilé-ìwé àwọn olùkọ́. Ìròyìn tó dára tán nìyẹn. Èyí tó kù, mi ò tíì sọ ọ́ fún Màmá, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ fún.

Nígbà tí ẹ wà láyé, ẹ kọ́ mi pé ẹni tó wà lọ́nà jíjìn kò lè yẹ ọjà wò kó tó rà á, nítorí náà ojú wa ni ojú rẹ̀. Bí ará Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ará Ìpara bá rán dẹ́rẹ́bà sí yín pé òun fẹ́ rédíò, ẹ ó tàn án, ẹ ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ẹ ó sì gbọ́ ọ títí ojú kan yóò fi tán kí ẹ tó dì í sínú páálí. Eyín lẹ fi ń já okùn tí ẹ fi ń dì í. Màmá á ní eyín yín á ká, ẹ ó kàn rẹ́rìn-ín. Bí ọjà náà ò bá sì tẹ́ ẹni náà lọ́rùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó dá a padà, ẹ kì í bi í léèrè ìdí. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo di ìlànà yẹn mú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo kọ́kọ́ dì í mú.

Ṣùgbọ́n àwọn kan rí i pé ọmọbìnrin ló wà nídìí ọjà báyìí. Obìnrin kan ra fáànù onídùúró ní Ọjọ́bọ̀, ó dá a padà lọ́jọ́ Ajé, ìrẹsì sì gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀. Ó ti fi fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn àlejò ìsọmọlórúkọ tán. Mo gbà á, mo fi omi gbígbóná fọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ wá ra rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tuntun. Lọ́jọ́ kẹrin ó gbé e padà nínú páálí rẹ̀, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ ò wu ìyàwó òun. Mo tàn án, ó sọ̀rọ̀. Mo dá owó rẹ̀ padà, mo tún sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni rédíò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ó ti dípẹtà, wọ́n sì fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́ wáyà wúruwùru. Ọkùnrin náà ti yọ inú tuntun lọ sínú rédíò tirẹ̀ tó ti gbó, ó wá gbé òkú fún mi nínú aṣọ tuntun. Mo wá a lọ sí ilé tó júwe. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

Ṣé wọ́n rẹ́ ẹ̀yin náà jẹ báyìí rí, Bàbá? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Ìbínú yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi nígbà tí Màmá Olóbì ránṣẹ́ láti Ìpara. Ẹ mọ̀ wọ́n dáadáa. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi obì ránṣẹ́ sí yín bí Kérésìmesì bá ń bọ̀. Wọ́n ní kí Bọ̀dá Sùnmọ́nù, dẹ́rẹ́bà tó ń ná Ìpara, bá wọn gba rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ mi. Ọmọ wọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Wàrì ti ń ká ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì dípò lẹ́tà, nítorí pé ìyá rẹ̀ ò mọ̀wé. Bọ̀dá Sùnmọ́nù ní Màmá Olóbì ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, èyí tí mo bá ti mú náà ni, ṣebí ọmọ yín ni mí.

Rédíò tuntun méjì ló wà lórí pẹpẹ. Mo wò wọ́n. Mo tún wo èyí tí wọ́n fi rẹ́ mi jẹ. Mo ti tún un ṣe díẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn bá rọra gbé e kalẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé àgbàlagbà ni wọ́n, wọn ò ní lò ó púpọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ ò gbọ́dọ̀ jókòó kó máa wo ojú Ọlọ́run nìkan. Mo dì í. Mo fi eyín já okùn rẹ̀ bí ẹ ti máa ń ṣe, mo gbé e fún Bọ̀dá Sùnmọ́nù.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi jẹ kásẹ́ẹ̀tì ọmọ wọn. Màmá Olóbì gbé e wá fúnra wọn, tépù tó ti já ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìfun adìẹ. Oníbàárà méjì wà ní ṣọ́ọ̀bù.

“Ọmọ mi, bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò,” ni wọ́n wí.

Ó yẹ kí n gbà á lọ́wọ́ wọn, kí n gbé tuntun fún wọn, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i tí àwọn oníbàárà méjèèjì ń wò mí. Mo tú ẹ̀yìn rédíò náà níwájú wọn, mo na ọwọ́ sí ìpẹtà inú rẹ̀.

“Màmá, inú rédíò tí mo dì fún yín kọ́ nìyí. Ẹnì kan nínú ilé yín ti pààrọ̀ rẹ̀.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́.

“Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú, Màmá.”

“Bàbá rẹ ò parọ́ fún mi rí,” ni wọ́n wí. “Mo gbà.” Wọ́n fi rédíò náà sílẹ̀, wọ́n mú kásẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́ náà dání, wọ́n lọ. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà yẹn tún yìn mí pé ojú mi là.

Bàbá, mi ò ronú pé ẹni méjì péré ló ń gbé inú ilé yẹn. Màmá Olóbì, àti Fọlákẹ́, ìyàwó ọmọ wọn.

Bọ̀dá Sùnmọ́nù ló mú ìròyìn wá. Màmá Olóbì ti bi Fọlákẹ́ léèrè ẹni tó gbé inú rédíò tà fún. Ó búra, wọn ò gbà á gbọ́, nítorí pé ẹni tó sọ fún wọn kì í ṣe ẹni tó ń parọ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìpẹ̀rú. Lọ́jà Ìpara wọ́n ti ń pè é ní olè rédíò. Mo gbọ́, mo ní ó mà ṣe o, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bá iṣẹ́ mi lọ. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọrin, mo kó ìwé orin padà sáyè wọn.

Lẹ́yìn náà ni Fọlákẹ́ alára wọlé tọ̀ mí wá. Oyún wà nínú rẹ̀, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò bá mi jà. Ó jókòó lórí àpótí tí ẹ máa ń jókòó lé.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun tí wọ́n ní mo jí hàn mí,” ló wí. “Mi ò tíì rí inú rédíò láyé mi. Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe rí.”

Abẹ́ tábìlì ni rédíò náà wà, ẹsẹ̀ mi ń kàn án. Mo sọ fún un pé mo ti jù ú nù.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́, ó sì jáde.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọkọ̀ Bọ̀dá Sùnmọ́nù lọ sí Ìpara. Mo bá Màmá Olóbì níbi tí wọ́n ti ń bó obì sínú abọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ti ọkùnrin tó rẹ́ mi jẹ, tèmi tí mo rẹ́ wọn jẹ. Ọwọ́ wọn ò dúró. Wọ́n bó obì tó wà lọ́wọ́ wọn tán, wọ́n tún mú òmíràn.

“Kí ló dé tí o ò kàn sọ fún mi pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ?” ni wọ́n bi mí. “Ṣé mi ò ní bá ẹ kẹ́dùn ni?”

Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n wé gèlè, wọ́n ní kí n dìde ká lọ sí Ìpẹ̀rú.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá Fọlákẹ́. Ó pe àwọn ará ilé àti aládùúgbò méjì, nítorí pé gbangba ni wọ́n ti pe ọmọ rẹ̀ lólè. Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ. Bí mo ti parí rẹ̀, Màmá Olóbì fi ọwọ́ ti ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ láti kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ wọn. Bàbá Fọlákẹ́ fò dìde, ó dì wọ́n mú lápá. Eékún wọn ò kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i, Bàbá. Mo rí ìyá àgbàlagbà yẹn tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí ohun tí mo dì sínú páálí. Òun ni mò ń rí bí mo bá ti dijú.

Fọlákẹ́ ò bá wa padà lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ti gbọ́, òun ó máa bọ̀ tí ara òun bá rọlẹ̀. Ó fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì tó bàjẹ́ náà, tó ti kó mọ́ ẹrù rẹ̀ nígbà tó ń kúrò ní Ìpara, ó ní bí mo bá mọ̀ ọ́n tún ṣe, kí n tún un ṣe.

Ibi tí mo ti ń wá kásẹ́ẹ̀tì òfìfo tí mo fẹ́ tú ni mo ti rí i, nínú yàrá ẹ̀yìn, lábẹ́ àpò tí ẹ kó wáyà sí. Rédíò márùn-ún. Mo tú ẹ̀yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìpẹtà, ẹ̀rọ jíjóná, lẹ́ẹ̀dì wúruwùru. Ẹ fi bébà pélébé lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ sí i: Má tà á. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá náà. Ta ni wọ́n, Bàbá, àwọn tó ṣe yín bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ ṣì ń kí wọn lọ́nà? Báwo lẹ ṣe gbé e mì tí a ò fi rí i lójú yín lórí oúnjẹ?

Mo gé ibi tó já nínú tépù náà, mo fi ìlẹ̀mọ́ so ó pọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀. Ibi tí ọmọ wọn ti ń kí ìyá rẹ̀ ló bàjẹ́ jù, ìyẹn ò ṣeé gbà padà. Mo fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú rédíò tuntun. Màmá Olóbì gba kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n dá rédíò padà. Wọn ò bú mi, wọn ò ránṣẹ́ kankan.

Fọlákẹ́ ti padà sí Ìpara, ó sì ti bímọ, obìnrin. Mo rí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá ní oríta ńlá Ṣàgámù, níbi tí mo ti fẹ́ ra búrẹ́dì. Fọlákẹ́ pọn ọmọ náà, Màmá Olóbì dì í mú lápá kí wọ́n lè sọdá títì. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo kí wọn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, wọn ò pè mí ní nǹkan míì ju ọmọ mi lọ. Wọ́n dúró, wọ́n wò mí, ojú wọn ò le rárá.

“Ẹ káàsán o, oníṣòwò,” ni wọ́n wí. “Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ ó ba aṣọ yín jẹ́.”

Wọ́n sì kọjá.

Ó dìgbà kan ná, Bàbá. Èmi ọmọ yín obìnrin ni, tó fẹ́ràn yín, tó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ orúkọ yín.