Ògiri Lanu ní Mayfair

Ajé, 1 Oṣù Kejìlá, 1997
Yéè! Ètò kọ̀ǹpútà tí a ń kó máàkì àwọn ọmọ sí nílé ẹ̀kọ́ wa ní Mayfair níbí bi mí ní páásíwọ̀dù, mo ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì Esc — ó ṣí. Gbayawu! Mo tún un ṣe, bákan náà. A jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jókòó síbẹ̀ lè sọ òdo di ọgọ́rin. Ajé tó ń bọ̀ lèsì ìdánwò máa jáde.

Ìṣẹ́gun, 2
Mo lọ bá Mo-mọ̀-ọ́n-tán — Ọ̀gbẹ́ni Oyèlárán, olùkọ́ àgbà tó ṣe ètò náà fún wa, tó tún ṣe é fún ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ẹdúnàbọ̀n. Mo wá ọ̀rọ̀ tí kò ní dùn ún. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, ògiri yín lanu. Áà, èmi Ràódàt! Ta ni ò mọ̀ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́? Kíá ló bi mí pé ta wá ni aláǹgbá, ṣé èmi tí mo wọlé? Èmi tí mo bá a ṣọ́lé! Inú bí mi.

Ọjọ́rú, 3
Ó ti ń sọ kiri pé mò ń jí máàkì wò. Kò burú.

Ọjọ́bọ̀, 4
Òkèrèwè, ọ̀dọ̀ Bàbá mi. Mo ní ṣé kí n tú àṣírí ẹ̀ ni. Ààfáà ni wọ́n, wọn kì í sáré sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àṣírí kọ́, àmáánà ni, ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ ẹni: ẹni tó ni ín ni kí n kọ́kọ́ sọ fún. Mo ní, tó bá kọ̀ ńkọ́? Wọ́n ní, ẹrù ta ló wà nínú ilé náà?
Ti àwọn ọmọ ni. Ó parí.

Ẹtì, 5
Mo sọ ọ́ fún Mo-mọ̀-ọ́n-tán lójú ẹ̀: tí ẹ ò bá dí i, lọ́jọ́ Ajé màá fi han ọ̀gá àgbà. Ó ní kí n fi han baba ńlá ẹni tó bá wù mí.

Ajé, 8
Ọ̀gá àgbà àti gbogbo olùkọ́ dúró lẹ́yìn mi. Mo tẹ Esc. Kò ṣí. Mo tún tẹ̀ ẹ́ — kò ṣí! Ọkùnrin yìí ti yọ́ dí i, ó wá ń bi mí pé ẹnu ògiri dà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìtìjú fẹ́ẹ̀ pa mí.
Ṣùgbọ́n ó ti dí. Máàkì àwọn ọmọ wa bọ́ nínú ewu. Ti Ẹdúnàbọ̀n ńkọ́? Ta ló sọ fún wọn?

Ìṣẹ́gun, 9
Ẹdúnàbọ̀n. Mi ò pa òwe kankan lónìí. Mo sọ fún ọ̀gá wọn, Ìyáàfin Àtọ́kẹ́, pé ẹnikẹ́ni lè wọ ibi tí wọ́n ń kó máàkì sí láìní páásíwọ̀dù, kí wọ́n tẹ Esc fúnra wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí.
Wọ́n wá bi mí bóyá Ọ̀gbẹ́ni Oyèlárán mọ̀.
Mo ní, "Wọ́n mọ̀, mà. Wọ́n ti dí tiwa."