Àìmọ̀kan Àwọn Alágbàfọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Bíírò Pupa tún da àkọlé mi nù. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin nìyí! Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi ni. N kò tíì rí i kó fi bíírò mìíràn kọ nǹkan. Ó ní ó gbòòrò jù. Èyí tó ṣáájú, ó ní ó há jù. Kí ni kí n wá ṣe — kí n máa fi téèpù wọ̀n ọ́n? Ọjọ́ kẹrìnlá ni gbèdéke. Ẹni tí kò bá ní àkọlé, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ọjọ́rú, 5
Inú ń bí mi. Kò sóhun mìíràn láti kọ.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Màámi ń fi òróró pa ọwọ́. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn nílé ìwòsàn; oògùn ìfọṣọ ti bó àtẹ́lẹwọ́ wọn bí èèpo àlùbọ́sà. Èmi tí mò ń wá àkọlé kiri, òun rèé níwájú mi!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Bíírò Pupa gba àkọlé mi! Àmọ́ ó fi bíírò rẹ̀ tún un ṣe: “Àìmọ̀kan àwọn alágbàfọ̀ nípa ewu oògùn ìfọṣọ.” Ó ní ìsinsìnyí ló tó dún bí iṣẹ́ ìwádìí. “Àìmọ̀kan” yẹn gún mi lára díẹ̀. Mo mú un lọ sílé bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ jáde nílé ìwé, ẹ jọ̀ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 13
Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Màámi rí ìwé náà lórí tábìlì.
“Ta ló sọ fún ẹ pé a ò mọ̀?”
Mo ní olùkọ́ mi ni. Wọ́n ní ṣé olùkọ́ ló bí mi ni. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n kó ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́ta jáde. Alágbàfọ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló fọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ fún wa ní ìbọ̀wọ́. Ọ̀gá ilé ìwòsàn ò fèsì rí. Ìbọ̀wọ́ sì wà o! Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n tì í mọ́. Ọjọ́ tí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba bá ń bọ̀ ni wọ́n máa ń pín in, wọ́n á gbà á padà ní ìrọ̀lẹ́.
Ojú tì mí. Inú bí mi sí ọ̀gá yẹn, sí Bíírò Pupa, sí ara mi jù. Mo ní, “Màámi, wọ́n lè lé yín níbi iṣẹ́ o.”
“Ìyẹn náà, mo mọ̀ ọ́n. Kọ ọ́.”

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Àkọlé tuntun: “Ìdí tí ilé ìwòsàn kì í fi fún alágbàfọ̀ ní ìbọ̀wọ́.” Bíírò Pupa ní òun ò ní fọwọ́ sí i, pé àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn á bínú. Kí n dá “àìmọ̀kan” padà kíá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ó di ọdún tó ń bọ̀.
Mo ní, “Ó di ọdún tó ń bọ̀, sà.”