Gbodo Ìyá Mi Létí Títì

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù kìíní, 2004

Ilé-ìwé wọlé padà. Ọyẹ́ mú débi pé ètè àwọn ọmọ kíláàsì tí mò ń kọ́ ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn ọkọ̀ òwú náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ka mẹ́tàdínlógún kí àwọn ọmọ tó jáde ìsinmi àárọ̀, òwú kún àwọn ọkọ̀ náà kọjá orí, àwọn awakọ̀ ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ilé-ìwé lápá ibí, ìlú lápá ọ̀hún, títì láàárín. Ta ló ro irú èyí? Ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ló ń sọdá lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́.

Ọjọ́rú, 7

Ọkọ̀ gbá Chérifatou.

Ọjọ́bọ̀, 8

Ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀, mo lè kọ ọ́ báyìí. Ọmọ kíláàsì mi ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹ̀bá fèrèsé ló máa ń jókòó sí. Igun ọkọ̀ òwú ló gbá a léjìká, ó sì sọ ọ́ nù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún dá sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ti gbé e lọ sí Parakou. Ó wà láàyè, alihamdu lilai. Awakọ̀ ò dúró. Sálúbàtà rẹ̀ kan ni mo ṣà nílẹ̀. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, n ò mọ ẹni tí mo fẹ́ fi fún.

Ọ̀gá Ça-va-aller bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ìlà. (M. Karimou, ọ̀gá ilé-ìwé wa. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo nǹkan nìyẹn.) Ó ní ça va aller, pé gbogbo rẹ̀ á dára. Inú bí mi débi pé mo ní láti wo ilẹ̀. Mo ní kí a lọ bèèrè dodáànì, òkè kékeré tí wọ́n ń mọ sójú títì kí ọkọ̀ má baà lè sáré. Ó ní kí n máa lọ.

Ẹtì, 9

Mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n darí mi sí nítorí dodáànì. Ọkùnrin kan gba lẹ́tà mi, ó fi ife tíì lé e lórí. Ó ní: "Madame, dossier yín máa lọ sí Cotonou. Après les pluies, wọ́n á wá wò ó." Lẹ́yìn òjò! Oṣù kìíní la wà. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ọkọ̀ òwú á ti parí tiẹ̀.

Ajé, 12

Mo dúró lójú títì láàárọ̀, mo na apá mi méjèèjì, mo ń mú wọn sọdá. Apá ń ro mí. Ṣùgbọ́n ohun kan ò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Níbi tí mo ti ṣa sálúbàtà yẹn, kò sẹ́ni tí í sọdá níbẹ̀. Mo pe Abdel, òun àti Chérifatou ni wọ́n jọ ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní: "A ò tíì dé ibi tí a ti ń sọdá, Madame. A ṣì ń rìn bọ̀ ni."

Kí ló wá gbé yín dójú títì?

Ó wolẹ̀. "Gbodo wà níbẹ̀."

Ìṣẹ́gun, 13

Mo lọ dúró lábẹ́ igi kajú láti aago mẹ́fà ààbọ̀, mo ń wò wọ́n.

Láti mọ́ṣáláṣí títí dé ọ̀kánkán ilé-ìwé, obìnrin méje ló sá gbodo sétí ọ̀dà. Gbogbo wa la ń ṣe é. Ọ̀dà gbóná, kò ní yanrìn, iṣu tí a bọ̀ lánàá á gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n á to òkúta yí i ká kí táyà má baà tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, nítorí ewúrẹ́. Àwọn awakọ̀ pàápàá ń yà fún gbodo. Wọ́n ń yà fún un ju ọmọ lọ.

Àwọn ọmọ ń tò bọ̀ létí títì, jẹ́jẹ́. Wọ́n dé ibi gbodo. Gọ́tà ló wà lápá kejì, ó jìn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó gbé ẹsẹ̀ lé gbodo. Ìkankan! A ti kọ́ wọn dáadáa, ọmọ wa kì í tẹ oúnjẹ mọ́lẹ̀. Gbogbo wọn ló sọ̀ kalẹ̀ sójú títì, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀, wọ́n rìn ní nǹkan bí ogójì ìṣísẹ̀ kí wọ́n tó tún gun etí ọ̀dà padà.

Níwájú gbodo tó tóbi jù ni wọ́n ti gbá Chérifatou. Ti ìyá mi ni.

Gbodo yẹn ló rán mi lọ sílé-ìwé.

Ọjọ́rú, 14

Mo sọ fún Ìyá. Orí àpótí rẹ̀ ló wà, ọ̀pá ewúrẹ́ lórí orúnkún. "Rafiatou, ṣé èmi ni mo wakọ̀ ni?" Rárá, Ìyá. "Àbí mo ní kí ọmọ ọlọ́mọ bọ́ sójú títì?" Rárá, mà. "Ibo ni kí n wá sá a sí? Sórí rẹ?" Ó ní àwọn oníbàárà òun ò ní ra gbodo oníyanrìn, Iléyá sì kù díẹ̀. Ó wá kọjú sí ewúrẹ́ kan tí kò tilẹ̀ tíì sún mọ́ ọn.

Tata Adjara, tí gbodo tirẹ̀ tẹ̀ lé ti Ìyá, bú sẹ́rìn-ín. "Madame là, kọ́kọ́ kó ti ilé yín ná, kí a rí i!"

Ọjọ́bọ̀, 15

Mò ń bínú sí gbogbo èèyàn. Mo sì jẹ ọkà gbodo náà lọ́sàn-án, mo jẹ ẹ́ tán.

Àbámẹ́ta, 17

Mo ti ṣe é o.

Ìyá lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Sanson. Mo kó gbodo rẹ̀ sínú àpò mẹ́rin, mo lọ sá a sórí tapólì ní àgbàlá wa. Mo yí gbogbo òkúta sínú gọ́tà. Àwọn obìnrin yòókù ń wò mí. Ìyá dé nírọ̀lẹ́. Ó mú gbodo kan, ó wò ó, ó dá a padà. Ó wọ yàrá lọ. Ìbá dára kó gbá mi létí.

Àìkú, 18

Ìyá ń bá mi yodì. Tata Adjara kó tirẹ̀. Àwọn méjì mìíràn náà kó. Ojú ń tì wọ́n, wọ́n ní ẹni tó bá lè kó ti ìyá rẹ̀, kò sí ohun tí kò lè ṣe.

Ìṣẹ́gun, 20

Àwọn mẹ́ta tó kù náà ti kó tiwọn, wọ́n yí òkúta sí gọ́tà. Etí ọ̀dà ṣófo láàárọ̀, àwọn ọmọ ń rìn níbẹ̀, inú mi dùn. Ó dùn títí di aago mẹ́wàá.

Issiaka tó ń wa zém, alùpùpù akérò, ló kọ́kọ́ rí i pé ibẹ̀ ṣófo. Ó gbé alùpùpù rẹ̀ bọ́ sétí ọ̀dà kó lè sá fún ọkọ̀ òwú, kò tilẹ̀ dín eré kù. Nígbà tí àwọn ọmọ fi jáde lọ́sàn-án, gbogbo zém ìlú ti sọ ibẹ̀ di ọ̀nà tiwọn. Ọ̀kan họ Abdel lápá. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Òkúta tí mo yí sínú gọ́tà ló ń lé wọn jìnnà tẹ́lẹ̀, n ò sì mọ̀. Èmi tí mo ní mò ń gba ọmọ là! Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù gidi. Bí nǹkan bá tún ṣe ọmọ kan, ọwọ́ mi ló ti wá.

Ọjọ́rú, 21

Àgbàlá ò gba afẹ́fẹ́. Gbodo Ìyá ti ń bu.

Ọjọ́bọ̀, 22

Mo lọ bá Ọ̀gá Ça-va-aller. Mo ní kó jẹ́ kí àwọn obìnrin máa sá gbodo sórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìn kíláàsì, ibẹ̀ mọ́, ó gbóná, ọgbà yí i ká, ewúrẹ́ ò lè wọlé. Mo ti múra ìjà. Ó ní: "Ça va aller." Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ géètì ẹ̀yìn. Ọlọ́run, dárí jì mí fún gbogbo ohun tí mo ti kọ nípa rẹ̀.

N ò lè sọ ọ́ fún Ìyá fúnra mi. Mo fún Tata Adjara ní kọ́kọ́rọ́, mo ní kó bá mi bẹ̀ ẹ́. Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, èmi ni n ó wọ gọ́tà lọ hú àwọn òkúta yẹn jáde.

Ẹtì, 23

Kò sí òkúta nínú gọ́tà mọ́.

Wọ́n ti tò wọ́n sétí ọ̀dà, ìlà kan gbọọrọ, láti mọ́ṣáláṣí dé ọ̀kánkán ilé-ìwé. Kò sí gbodo níbẹ̀, orí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n ti sá a sí. Àyè tó gba ọmọ méjì ló wà láàárín òkúta àti gọ́tà. Tata Adjara jókòó sí ìpẹ̀kun kan. Ní ìpẹ̀kun kejì, níbi tí àwọn ọmọ ti ń sọdá, Ìyá wà lórí àpótí rẹ̀, ẹrẹ̀ gọ́tà dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ọ̀pá ewúrẹ́ lórí orúnkún. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò dáhùn.

Agogo lù. Àwọn ọmọ ń bọ̀ lẹ́yìn òkúta. Issiaka dé pẹ̀lú zém rẹ̀, ó wo òkúta, ó wo Tata Adjara, ó padà sójú títì. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọkọ̀ òwú lórí òkè. Ìyá dìde. Orúnkún rẹ̀ ò dáa, ó sì rìn lọ sí àárín títì gan-an, ó na ọ̀pá sókè, ó pariwo mọ́ ọkọ̀ bí ó ṣe máa ń pariwo mọ́ ewúrẹ́. Bíréèkì ké. Òwú ń já bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ dúró.

Awakọ̀ yọ orí jáde láti bú u. Ó rí i pé àgbàlagbà ni. "Ẹ kú àárọ̀, Màámà." Ìyá ò dá òun náà lóhùn. Ó mi orí sí àwọn ọmọ, wọ́n sọdá lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn, Abdel ló gbẹ̀yìn.

Mo ṣì dúró létí títì, ẹnu mi là sílẹ̀. Ìyá yíjú sí mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Àbámẹ́ta.

"Rafia, ìwọ ló kù. Sọdá."

Mo sọdá.