Dígí Oòrùn Lórí Àpáta Gbodo

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kejì, 1986

Ìyá mi ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ti lé lóṣù kan báyìí. Ewúrẹ́ ló ń rán sí mi.

Lánàá, mo ti ibi iṣẹ́ dé, ó kọjú sí ewúrẹ́: "Bá mi sọ fún Rédíò pé ẹ̀wà wà nínú ìkòkò." Rédíò, èmi nìyẹn. Adépéjú tí òun fúnra rẹ̀ sọ mí ti di ohun ìgbàgbé.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi? Àpáta. Kò sí obìnrin kan ní Ilua tí kò ní ibi tó ń sá gbodo, iṣu àmàlà, sí lórí àpáta ẹ̀yìn ìlú. Ìyá ló ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Nígbà tí wọ́n máa gbé ilé iṣẹ́ rédíò kékeré wa kalẹ̀ lórí àpáta náà, tí iná NEPA ò sì dé ibẹ̀, dígí oòrùn, èyí tó ń sọ oòrùn di iná, ni wọ́n kó wá. Àárín àpáta, níbi tí igi kankan ò ti ṣíji bò ó, ni wọ́n tò ó sí. Àyè ìyá mi gan-an ni. Èmi sì ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn. Ó ní mo ti ta àpáta ìyá òun.

Olúsọjí, ẹnjiníà wa — Ọkọ Oòrùn ni mò ń pè é, kò mọ̀ — mú ìròyìn dé láti Ìbàdàn. Àwọn ọ̀gá ń bọ̀ lópin oṣù. Bí ohùn wa ò bá lè dúró lórí afẹ́fẹ́ títí di ìròyìn aago mẹ́jọ alẹ́, wọ́n á kó dígí lọ sí ìlú mìíràn. Èmi á sì padà sídìí iṣu bíbẹ. Ìyá mi á jó.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kejì

Mò ń kí àwọn ará Ofiki lọ́wọ́ ni ikọ́ ọyẹ́ gbé mi. Mo wúkọ́ sí gbogbo Òkè-Ògùn létí. Kí n tó tọrọ àforíjì, rédíò kú. Aago méje ò tíì lù.

Ọkọ Oòrùn ní bátìrì ńlá inú yàrá ò kún. Bẹ́ẹ̀ oòrùn ọ̀sán yìí lè yan ẹ̀pà! Ó ń fura sí àwọn oní-gbodo. Ó ní wọ́n á ti sá iṣu sórí dígí òun. Ojú rẹ̀ le bíi ti ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ lọ ọjà tí kò dé.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kejì

Mo jí, mo bá àgbo lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ewúrẹ́ ò sọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Mo mu ún. Ó korò bí ọ̀rọ̀ ìyá mi.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kejì

Iná tún lọ. Ọkọ Oòrùn ò jẹun.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kejì

A ti rí i! Kì í ṣe iṣu rárá.

Ọkọ Oòrùn yọ́ gun àpáta lọ́sàn-án gangan. Bátìrì rédíò mẹ́rin ló bá, tí wọ́n fi ọ̀já aṣọ aláró so pọ̀, tí wọ́n tẹ́ kalẹ̀ láàárín dígí bí ẹni tẹ́ ọmọ. Gbogbo wa la máa ń sá bátìrì tó ti rẹ̀ sóòrùn kó lè tún rí okun díẹ̀. Bátìrì tuntun wọ́n bí ojú. Àmọ́ sórí dígí ìjọba?

Ó ní ojú kéékèèké inú dígí yẹn so kọ́ra wọn ni. Bí nǹkan bá ṣíji bo ẹyọ kan, gbogbo ìlà rẹ̀ á rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: ta ló sọ fún wọn pé dígí ń gba irú bátìrì yìí?

Bàbá Ọdẹ́tọ́lá, ọdẹ tó ń ṣọ́ orí àpáta, rọra tutọ́. "Ẹ̀yin kọ́ ni, ẹnjiníà? Níwájú Ọba, ẹ ní dígí yìí ló ń fi agbára sínú bátìrì. Gbogbo ìlú gbọ́. Èmi náà gbọ́."

Ọkọ Oòrùn yanu. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi tún dé.

A fi bátìrì náà sílẹ̀ lórí òkúta. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ni ín ti mú un lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kejì

Bátìrì tún wà lórí dígí. Ọ̀já aláró kan náà.

Bàbá Ọdẹ ló ń ṣọ́ ibẹ̀ láti àárọ̀. Ó ní òun ò rí ẹnikẹ́ni. Ọdẹ tó ń rí etí òkété nínú igbó kò wá rí èèyàn lórí àpáta gbalasa! Mo wò ó. Ó ń wo ọ̀run. Abọ́ òfìfo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, epo ọbẹ̀ ṣì ń dán létí rẹ̀. Mo bi í pé ta ló gbé oúnjẹ wá fún un.

Ó ní ewúrẹ́ ni.

Àgbà yìí ń fi mí ṣeré.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kejì

Lálẹ́ àná, mo sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́. Mo ní ẹni tó ń sá bátìrì sórí dígí wa, a ò bá a jà o. Dígí yẹn ò mọ bátìrì ọwọ́, wáyà nìkan ló mọ̀. Kó jọ̀ọ́, kó máa sá a sórí òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, oòrùn kan náà ló ń ràn síbẹ̀.

Lónìí — bátìrì mẹ́rin lórí òkúta! Ó tò wọ́n dáadáa. Kò fi ìka kan dígí.

Ọkọ Oòrùn fẹ́ ba dè é, kó mú un. Mo ní kò gbọdọ̀ dán an wò. Olùgbọ́ tó ń ṣe ohun tí a bá ní kó ṣe, irú rẹ̀ mélòó la ní? Nírọ̀lẹ́, ohùn wa dúró títí aago mẹ́jọ. Inú mi dùn. Mo tiẹ̀ fẹ́ràn olè wa yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kejì

Èmi náà rán ewúrẹ́ níṣẹ́ lónìí. Mo ní kó bá mi sọ fún Ìyá mi pé àwọn ọ̀gá ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Bí ohùn wa bá fi lè dákẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n á kó dígí lọ, àyè gbodo á padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kó ti máa wá apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ ìyá mi lórí iṣu tó ń bẹ. Kò bá ewúrẹ́ pàápàá sọ nǹkan. Ayọ̀ ló pọ̀ jù, mo rò bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí, kí n má parọ́.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kejì

N ó kọ gbogbo rẹ̀ kí n tó sùn.

Ọyẹ́ da eruku bo gbogbo ayé láàárọ̀. Ọkọ Oòrùn ń sáré gun àpáta, omi lọ́wọ́ ọ̀tún, àkísà lọ́wọ́ òsì. Ó débẹ̀, ó bá dígí tí ẹnì kan ti fọ̀, tó ń dán gbinrin. Bàbá Ọdẹ ní kí a má wulẹ̀ bi òun, a mọ̀ pé ewúrẹ́ ni.

Ọ̀gá àgbà dé nírọ̀lẹ́. Bàbá Táì ni mo sọ ọ́ — táì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìgbànú. A ti gba ètò ìkíni mi sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí n lè ráyè dá a lóhùn. Bí kásẹ́ẹ̀tì ti ń lọ, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé kan nínú ìlú, kí n wá sọ fún òun bóyá ohùn náà mọ́ níbẹ̀.

Ilé wa ló sún mọ́ jù. N kì í sí nílé nírú àkókò yẹn láéláé.

Mo gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ ohùn ara mi: "Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn."

Ìyá mi dáhùn. "Káalẹ́, Péjú mi."

Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi. Ó ń bẹ iṣu. Rédíò wà nínú apẹ̀rẹ̀ gbodo, ọ̀já aláró wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etí aṣọ tó fi pọ̀n mí ló ti ya á. Ó ń bá a lọ: "Ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Ohùn rẹ ti mọ́ díẹ̀. Kí wọ́n má kó dígí yẹn lọ o, Péjú. Níbo ni n ó ti máa gbọ́ ẹ? Nínú ilé yìí, mi ò tún mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀."

Bí mo bá dúró níwájú rẹ̀, Rédíò ló ń pè mí. Rédíò wá dúró níwájú rẹ̀, ó ń pè é ní Péjú.

N kò wọlé. Mo fi ìró nu ojú, mo padà gun àpáta. Bàbá Táì bi mí pé ṣé ohùn dé ìsàlẹ̀. Mo ní ó dé, sà. Ṣé ó mọ́? Mo ní ó mọ́ gan-an, sà.

Aago mẹ́jọ lù, ìròyìn jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kejì

Wọ́n ní kí dígí dúró síbi tó wà.

Nígbà tí mo kí àwọn ará ìlú tán lálẹ́ yìí, mo fi gbólóhùn kan kún un: "Ikọ́ mi ti lọ o. Ẹ ṣé, ẹ kú ìtọ́jú mi." Ọkọ Oòrùn bi mí pé ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní ewúrẹ́ ni.

Mo délé. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ káalẹ́, Ìyá mi. Ó gbójú sókè, ó wò mí.

"Péjú, oúnjẹ rẹ wà nínú ìkòkò."

Ewúrẹ́ gbórí sókè, ó ń wò wá. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́.